Wọ́n ti kọ orúkọ àwọn adúláwọ̀ sínú òfin ìpìlẹ̀ Mẹ́síkò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́?

Ọmọ Ọ̀wọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tó wà lókè òkun. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi, mo ní kí n gbé e wá síbí nítorí mo mọ̀ pé a ní lọ́yà láàárín wa, a sì ní àwọn tó ń gbé ní Gúúsù Amẹ́ríkà.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Mẹ́síkò kéde àtúnṣe kan. Wọ́n fi apá tuntun, apá C, kún ẹ̀ka kejì òfin ìpìlẹ̀ wọn. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn àwùjọ ọmọ ìran Áfíríkà tó wà ní Mẹ́síkò, orúkọ yòówù kí wọ́n máa pe ara wọn, jẹ́ ara àwọn tó para pọ̀ di orílẹ̀-èdè náà. Kí àtúnṣe yẹn tó dé, òfin ìpìlẹ̀ wọn ti dárúkọ àwọn Indio tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀. Ti adúláwọ̀ kò sí níbì kankan, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní irínwó ọdún tí wọ́n ti ń bímọ, tí wọ́n ń sìnkú níbẹ̀.

Ohun tó bí mi nínú jù nínú gbogbo ohun tí mo kà ni ti àwọn aṣọ́bodè. Wọ́n á dá bọ́ọ̀sì dúró, wọ́n á mú ẹni tó dúdú jáde, wọ́n á ní kó kọ orin orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò kí àwọn lè mọ̀ bóyá ọmọ ibẹ̀ ni lóòótọ́. Ìròyìn ti jáde nípa àwọn ọmọ Mẹ́síkò tí wọ́n tilẹ̀ lé lọ sí Haiti tàbí Honduras, kìkì nítorí pé ọlọ́pàá kan ti pinnu pé kò sí adúláwọ̀ ní Mẹ́síkò.

Ìbéèrè mi kò pọ̀. Bí wọ́n bá ti kọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sínú òfin ìpìlẹ̀, kí ló máa yí padà fún un nínú bọ́ọ̀sì yẹn?

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta

Adúláwọ̀ ní Mẹ́síkò kẹ̀? Gbogbo fíìmù wọn tí a ń wò lálaalẹ́ láyé ọjọ́sí, tí a ń sunkún lé lórí, mi ò rí ẹyọ kan rí o. Ṣé àwọn tó kó lọ láti Amẹ́ríkà ni?

Ọmọ Ọ̀wọ̀

Rárá o, Ìyá Ìbejì. Àwọn ará Sípéènì ló kó baba ńlá wọn débẹ̀ ní ẹrú, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sì ti dé kí ọdún 1640 tó pé. Àwọn òpìtàn máa ń fojú bù ú sí bíi 200,000 ènìyàn. Wọ́n ṣiṣẹ́ nínú kòtò fàdákà, nínú oko ìrèké, nídìí agbo màlúù, nínú ilé àwọn olówó. Ní agbègbè Veracruz, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Yanga kó àwọn tó sá kúrò lóko ẹrú jọ sórí òkè. Àwọn ọmọ ogun Sípéènì lọ bá wọn ní 1609, apá wọn ò ká a, nígbà tó yá ìjọba gbà kí wọ́n tẹ ìlú tiwọn dó. Ìlú náà wà títí dòní. Láti 1932 ni wọ́n ti sọ orúkọ rẹ̀ ní Yanga.

Ti Vicente Guerrero ló wá kọjá òye mi. Ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà wà lára rẹ̀, ó bá Sípéènì jà títí wọ́n fi gba òmìnira, ó di ààrẹ ní 1829, oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ló fòfin de oko ẹrú. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ odidi ìpínlẹ̀ kan. Nínú ìpínlẹ̀ Guerrero yìí gan-an ni Cuajinicuilapa wà, ìlú adúláwọ̀ tó lókìkí jù ní etí òkun tí wọ́n ń pè ní Costa Chica. Ẹ gbọ́ ọ wò: ọmọ ìpínlẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ ààrẹ adúláwọ̀ ni wọ́n ní kó kọrin kó tó lè wọlé sí ìlú rẹ̀.

Àwọn fíìmù tí ẹ ń wò yẹn kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira, wọ́n fagi lé gbogbo orúkọ tí Sípéènì fi ń ya ènìyàn sọ́tọ̀ nípa àwọ̀. Ohun rere nìyẹn lójú ìwé. Àmọ́ nígbà tó di bíi ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé pé àdàlù Sípéènì àti Indio ni gbogbo ọmọ Mẹ́síkò. Ìran kẹta kò sí nínú ìtàn náà. Ó di nǹkan bí 1946 kí Gonzalo Aguirre Beltrán tó wú àkọsílẹ̀ ayé àtijọ́ jáde láti fi hàn pé ìran kẹta wà níbẹ̀ látilẹ̀wá.

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta

Háà. Ayé ò ṣe é mọ̀ tán.

Kò-sóhun-tuntun

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ará, ìwé ni gbogbo rẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ tiwa ti 1999, ẹ ṣí Orí Kejì rẹ̀ kí ẹ kà á: ẹ̀kọ́, ìlera, ilé gbígbé, owó oṣù tó tó jẹun, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ wá gba kóòtù lọ, kí ẹ ní ẹ fẹ́ gba tiyín. Ẹ̀ka kẹfà nínú òfin yẹn kan náà ló ní kí adájọ́ má dá sí i.

Ẹ sì wo irú àwọn tí ẹ ní kí òfin yí lọ́kàn padà. Ní 2005, ààrẹ Mẹ́síkò ìgbà náà, Vicente Fox, dìde ní gbangba, ó ní iṣẹ́ tí adúláwọ̀ pàápàá ò fẹ́ ṣe ní Amẹ́ríkà ni àwọn ọmọ Mẹ́síkò ń lọ ṣe níbẹ̀. Ariwo yẹn kò tíì rọlẹ̀ tí iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ wọn fi gbé sítáǹbù Memín Pinguín jáde, ọmọdékùnrin dúdú inú ìwé àwòrán ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ya ojú àti ètè rẹ̀ bí ẹni ya ọ̀bọ. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà bínú, wọ́n ní àwọn fẹ́ràn ọmọ náà, wọ́n ní eré ni. Ẹni tó ń pe èébú ní eré, ìlà mélòó nínú ìwé òfin ló máa tún un ṣe?

Lọ́yà Ìkẹjà

Kò-sóhun-tuntun, o fi ọwọ́ kan ibi tó ń ro mí. Àmọ́ Orí Kejì tiwa ò dà bíi tiwọn. Àwọn tó kọ tiwa ló fọwọ́ ara wọn ti ilẹ̀kùn kóòtù mọ́ ọn. Ní Mẹ́síkò, ẹjọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní amparo. Ẹnikẹ́ni tí ìjọba bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ inú òfin ìpìlẹ̀ mọ́lẹ̀ lè gbé e lọ bá adájọ́ ìjọba àpapọ̀. Kí 2019 tó dé, àwùjọ adúláwọ̀ tó bá lọ síbẹ̀, kí ni wọn ì bá tọ́ka sí? Lójú òfin, kò sí àwùjọ kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò ní bu oyin sí i. Apá C ti 2019 kúrú gan-an. Kò ka ẹ̀tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kàn ní kí wọ́n jẹ́ alábàápín nínú ẹ̀tọ́ tí wọ́n ti kọ fún àwọn Indio, níbi tó bá ti yẹ. Ta ló máa sọ ibi tó yẹ? Lọ́yà ìjọba lè dúró sí ẹnu gbólóhùn yẹn fún ọdún mẹ́wàá láìjókòó. Mo ti rí irú rẹ̀ níbí, èmi náà sì ti jẹun nídìí rẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi kò ju ọdún díẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2024, wọ́n tún kéde àtúnṣe mìíràn tó sọ àwùjọ Indio àti ti adúláwọ̀ di ẹni tí òfin mọ̀ fúnra wọn, tó lè ní dúkìá ní orúkọ ara rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: abúlé kan, gẹ́gẹ́ bí abúlé, lè ní òun ń pẹjọ́, ó lè ní kí owó ìṣúná òun wá bá òun ní tààràtà, dípò kó máa gba ọwọ́ alága ìjọba ìbílẹ̀ kan tí kò ní ẹbí níbẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé abúlé rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Ayọ̀ Houston

Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ wá láti Acapulco. Irun rẹ̀ kò yàtọ̀ sí tèmi. Ó sọ fún mi pé ìyá àgbà àwọn máa ń sọ fún àwọn ọmọ ilé pé kí wọ́n fẹ́ ẹni tó funfun jù wọ́n lọ, kí wọ́n lè “tún ìran ṣe”. Kò rí i bí èébú nígbà yẹn, ìmọ̀ràn ìyá àgbà ni. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó gbà pé òun jẹ́ adúláwọ̀, Amẹ́ríkà níbí ló sì ti gbà bẹ́ẹ̀, torí àwọn ọlọ́pàá ibí kò bi í ní ìbéèrè kankan kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n sí dúdú.

Kí a tó máa bú ìyá àgbà yẹn, ẹ rántí àwọn ìpara tó wà lórí àtẹ ní Balógun o.

Àjọkẹ́ Salvador

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Salvador ni mo ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Bahia, nítorí náà ti Brasil ni n óò sọ.

Bí ẹ bá ń rìn ní ìgboro níbí, ẹ ó gbọ́ Ògún, ẹ ó gbọ́ Ọ̀ṣun, ẹ ó gbọ́ Yemọja. Ẹ ó rí àkàrà lórí àtẹ, acarajé ni wọ́n ń pè é, obìnrin tó ń tà á á wọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, àwọn àlejò á máa ya fọ́tò rẹ̀. Ẹni tó bá wá fún ọ̀sẹ̀ kan á lọ sọ nílé pé ayé ń yẹ wọ́n níbẹ̀. Ohun tí wọn kò ní sọ fún un ni pé títí di oṣù kìíní 1976, ilé òrìṣà tó bá fẹ́ ṣe ọdún ní Bahia ní láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kó sì gba ìwé àṣẹ. Ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń mójú tó tẹ́tẹ́ ló ń mójú tó òrìṣà. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni gómìnà ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n yé e. Àwọn ìyá àgbà tó gba irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ ṣì wà láàyè, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ẹ̀rín tí kì í dùn-ún gbọ́.

Òfin ìpìlẹ̀ 1988 dé lẹ́yìn tí àwọn ológun kúrò lórí àlééfà. Àwọn aṣòfin tó jókòó kọ ọ́ lé ní 550. Àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yìí lórí láàárín wọn, mẹ́rin ni gbogbo ènìyàn máa ń dárúkọ: Benedita da Silva, Carlos Alberto Caó, Paulo Paim àti Edmilson Valentim. Mẹ́rin! Síbẹ̀, wọ́n rí nǹkan gbà. Ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà di ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ní béèlì, tí ọjọ́ kì í sì í pa. Èkejì ni ẹ̀ka 68 nínú àwọn ẹ̀ka ìparí: àwọn ọmọ quilombo tó ṣì wà lórí ilẹ̀ wọn ló ni ín, ìjọba sì gbọ́dọ̀ fún wọn ní ìwé rẹ̀. Quilombo ni àwọn abúlé tí àwọn tó sá lóko ẹrú dá sílẹ̀ àti èyí tí àwọn ọmọ wọn ń gbé títí dòní. Ọdún tí wọ́n kọ èyí ló pé ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé tí Brasil fòpin sí oko ẹrú, ní 1888, orílẹ̀-èdè tó kẹ́yìn gbogbo wọn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Lọ́yà, ẹ gbọ́ ibi tó dé. Ó di 2003 kí àṣẹ ààrẹ tó jáde láti sọ bí wọn yóò ṣe máa fúnni ní ìwé ilẹ̀ náà. Ọdún kejì, ẹgbẹ́ òṣèlú kan gbé àṣẹ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ pé kò bá òfin mu. Ọjọ́ 8 oṣù kejì 2018 ni ilé-ẹjọ́ tó parí ẹjọ́ yẹn, ó sì gbè sẹ́yìn àwọn quilombo. Láti 1988 sí 2018. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí òfin ti di òbí.

Nígbà tí ẹjọ́ ń lọ àti lẹ́yìn tó parí, wọ́n ń pa ènìyàn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ 2023, wọ́n yìnbọn pa Mãe Bernadete nínú ilé rẹ̀ ní quilombo Pitanga dos Palmares, ní Simões Filho, ẹ̀bá ìlú wa níbí. Ìyálórìṣà ni, òun náà sì ni aṣíwájú quilombo yẹn. Wọ́n ti pa ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní 2017. Ó ti ké gbàjarè pé wọ́n ń halẹ̀ mọ́ òun, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ètò ààbò ìjọba lọ́jọ́ tí wọ́n pa á.

Bàbá Ifẹ̀

Àjọkẹ́, o ṣeun, ọmọ mi. Ọdún 1976 tí o dárúkọ yẹn mú mi rántí Abdias do Nascimento. Ó sá kúrò ní Brasil nítorí àwọn ológun, ó sì wá ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n àlejò lọ́dọ̀ wa ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1976 sí 1977. Nígbà tí FESTAC dé sí Èkó ní 1977, ó kọ ìwé àpilẹ̀kọ kan fún àpérò ibẹ̀ láti sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe adúláwọ̀ ní Brasil. Wọn ò jẹ́ kó kà á. Ìjọba Brasil ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ irú rẹ̀, torí ohun tí wọ́n ń sọ fún gbogbo ayé ni pé kò sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà lọ́dọ̀ àwọn. Lórí ilẹ̀ wa níbí ni o, níbi àjọ̀dún adúláwọ̀! Nígbà tí ó padà sílé, ó di aṣòfin, ó tún di sẹ́nétọ̀.

Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ ń sọ pé ìwé lásán ni, ẹ bi ara yín ìdí tí àwọn alágbára fi máa ń bẹ̀rù ìwé tó bẹ́ẹ̀.

Ajíhìnrere Ọ̀tá

Mo wà pẹ̀lú yín lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀. Ọlọ́run kan ló dá wa. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká má da ìbọ̀rìṣà pọ̀ mọ́ ẹ̀tọ́ adúláwọ̀. Àwọn adúláwọ̀ tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Brasil pọ̀ ju àwọn tó ń bọ òrìṣà lọ. Ṣé àwọn yẹn ti di ọ̀tá ara wọn ni?

Alábòójútó

Mo ti yọ èsì méjì kúrò lábẹ́ ọ̀rọ̀ Ajíhìnrere. Ẹ lè bá a jiyàn, ẹ má bú ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá tún ṣe é, mo máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Àjọkẹ́ Salvador

Ajíhìnrere, rárá, wọn kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Benedita da Silva tí mo dárúkọ lókè, ọmọ ìjọ ajíhìnrere ni, òun sì ni obìnrin adúláwọ̀ tó jà jù nínú ilé tó kọ òfin 1988. Mi ò bá ṣọ́ọ̀ṣì jà.

Ohun tí mò ń sọ ni pé ní Brasil, ẹ̀tanú sí àwọ̀ àti ẹ̀tanú sí òrìṣà, ọwọ́ kan náà ló ń jù wọ́n. Ní 1999, ìwé ìròyìn ìjọ kan gbé fọ́tò Mãe Gilda, ìyálórìṣà kan ní Itapuã níbí, sójú ewé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹlẹ́tàn tó ń fi òògùn gba owó àwọn ènìyàn ni. Àwọn kan lọ bá a nínú ilé òrìṣà rẹ̀, wọ́n bú u. Ó kú ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní 2000, àìsàn ọkàn ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ pẹjọ́, wọ́n jàre. Ní 2007 ni wọ́n ṣòfin tó fi ọjọ́ ikú rẹ̀ ṣe ọjọ́ tí gbogbo Brasil ń gbógun ti ìkórìíra ẹ̀sìn.

Ẹ tún wo ti ẹran. Ní ìpínlẹ̀ Rio Grande do Sul, wọ́n ṣòfin ààbò ẹranko, wọ́n wá fi kún un pé kò kan ẹran tí àwọn ẹlẹ́sìn ìran Áfíríkà ń pa. Agbẹjọ́rò ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní ojúsàájú ni, ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta 2019, gbogbo adájọ́ fẹnu kò pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹran Iléyá àti tòlótòló Kérésìmesì, ta ló gbé tiwọn lọ sí kóòtù rí?

Onísirò

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ yìí gba ọ̀nà iṣẹ́ mi. Iye ènìyàn ni gbogbo owó ìjọba ń tẹ̀ lé. Ẹni tí wọn ò bá kà, òfin ìpìlẹ̀ kankan ò lè kọ́ ilé ìwé fún un.

Kòlóḿbíà ló ṣíwájú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ìpìlẹ̀ wọn ti 1991 bí Òfin 70 ti 1993. Lábẹ́ rẹ̀, àwọn àwùjọ adúláwọ̀, pàápàá ní etí òkun Pàsífíìkì, ti gba ìwé ilẹ̀ àjùmọ̀ní tó lé ní mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà. Nílé aṣòfin, àga méjì jẹ́ tiwọn. Lójú ìwé, kò sẹ́ni tó bá wọn dé ibẹ̀. Ẹ wá wo ìkànìyàn wọn: ní 2005, adúláwọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 4.3. Ní 2018, wọ́n di mílíọ̀nù 2.98. Ṣé àjàkálẹ̀ àrùn ló pa wọ́n ni? Àwọn ẹgbẹ́ adúláwọ̀ ní àwọn akànìyàn ò dé ibòmíràn, níbi tí wọ́n sì dé, wọn ò bi ènìyàn ní ìbéèrè ìran. Ní 2022, ilé-ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ dájọ́ pé ìjọba tẹ ẹ̀tọ́ wọn lójú pẹ̀lú irú kíkà bẹ́ẹ̀.

Ti Mẹ́síkò gba ọ̀nà mìíràn lọ. Ìwádìí ìjọba ti 2015 rí bíi mílíọ̀nù 1.38 tó ní adúláwọ̀ ni àwọn. Nínú ìkànìyàn 2020, èyí tó tẹ̀ lé àtúnṣe òfin, wọ́n di 2,576,213, ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe pé wọ́n bímọ tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ló káàkiri tí wọ́n ń ní kí ènìyàn má bẹ̀rù láti dáhùn ìbéèrè náà. Iṣẹ́ yẹn sì ti pẹ́: láti 1997 ni àlùfáà Kátólíìkì kan tó wá láti Trinidad, Glyn Jemmott, ti pe ìpàdé àwọn ìlú adúláwọ̀ àkọ́kọ́ ní El Ciruelo, ní Oaxaca. Ọdún méjìlélógún kí apá C tó jáde.

Ayọ̀ Houston

Ọ̀rẹ́ mi ní ìyá òun sọ “bẹ́ẹ̀ ni” fún akànìyàn ní 2020. Ìyá àgbà ò gbà títí ó fi kú.

Kò-sóhun-tuntun

Onísirò, o ṣeun, o bá mi ro ẹjọ́ mi. Kòlóḿbíà ní òfin tó dára jù, wọ́n sì tún pa mílíọ̀nù kan ó lé run pẹ̀lú bírò. Francia Márquez di igbákejì ààrẹ níbẹ̀ ní 2022, oṣù kejì rẹ̀ lórí àga kò tíì pé tí obìnrin kan dúró níwájú kámẹ́rà níbi ìwọ́de tó ń pè é ní ọ̀bọ.

Ẹ tún rékọjá sí Dominican Republic. Ní oṣù kẹsàn-án 2013, ilé-ẹjọ́ òfin ìpìlẹ̀ wọn dájọ́ pé ẹni tí wọ́n bí níbẹ̀ láti 1929, tí àwọn òbí rẹ̀ kò ní ìwé ìgbélùú, kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà. Àwọn ọmọ tó ní ẹ̀jẹ̀ Haiti ni ọ̀pọ̀ jù lọ. Àgbàlagbà sùn ní ọmọ onílùú, ó jí ní àjèjì. Òfin ìpìlẹ̀ náà ni wọ́n fi ṣe é o!

Lọ́yà Ìkẹjà

Ìwọ gan-an lo wá ń ro ẹjọ́ mi báyìí. Bí ìwé bá lágbára tó láti gba ọmọ ìlú lọ́wọ́ ènìyàn, báwo lo ṣe máa ní ìwé lásán ni? Obìnrin tó bú Márquez náà, kóòtù dá a lẹ́bi, torí òfin wà tí wọ́n lè fi mú un.

Kò-sóhun-tuntun

Agbára láti gbà, mo ti rí i. Agbára láti fúnni ni mi ò tíì rí. Ẹ fi ìwé ilẹ̀ kan hàn mí.

Ọmọ Ọ̀wọ̀

Ibi tí mo fẹ́ kí a dé nìyẹn. Àǹtí Àjọkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, láti 1988 tí ẹ̀ka 68 ti wà, mélòó nínú wọn ló ti gba C of O ilẹ̀ wọn, ká sọ ọ́ bíi tiwa?

Àjọkẹ́ Salvador

Ìkànìyàn 2022 ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Brasil ka àwọn ọmọ quilombo sọ́tọ̀. Nígbà tí èsì jáde, wọ́n jẹ́ 1,327,802, Bahia wa níbí ló sì ní èyí tó pọ̀ jù. Nínú gbogbo wọn, àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ tó ti ní ìwé jẹ́ ìdá 4.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò-sóhun-tuntun lè fò sókè, mo gbà fún un. Àmọ́ àwọn tó wà nínú ìdá 4.3 yẹn, ẹ lọ bá wọn kí ẹ ní kí wọ́n dá ìwé wọn padà, kí ẹ wo ohun tí wọ́n máa fi lé yín.

Alcântara ni kí ẹ máa ṣọ́. Ìpínlẹ̀ Maranhão ni. Láyé àwọn ológun, ìjọba gba ilẹ̀ wọn láti fi kọ́ ibùdó tí wọ́n ti ń rán rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sójú òfuurufú, nígbà tó yá wọ́n kó ìdílé 312 kúrò létí òkun, wọ́n kó wọn lọ sí ibi tí apẹja ò ti lè pẹja. Àwọn yẹn ò gba kámú. Wọ́n gbé Brasil dé Ilé-ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹsàn-án 2024 ìjọba bá wọn tọwọ́ bọ àdéhùn lórí ìwé ilẹ̀ náà, ní oṣù kẹta 2025 ìdájọ́ jáde pé Brasil jẹ̀bi. Bí mo bá ti gbọ́ pé ìwé náà tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, ibí ni mo máa kọ́kọ́ gbé e wá.